Bíbélì Tí N Kò Fẹ́ Kà Tán

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí ọ, mo tún kí ọ. Orí rẹ á máa bá ọ ṣe é, ẹsẹ̀ tó o fi ń wọ ọ́fíìsì yẹn kò ní kọ lójú ọ̀nà, ẹni tó bá ní kó o má rí ìjókòó, orí ìdúró ni ilẹ̀ á ṣú bá a. Ọlọ́run á dá ọ sí fún wa, á sì dá wa sí fún ọ débi tó bá ti wù ú mọ. Mo rántí pé bí tíṣà ṣe kọ́ wa láyé ọjọ́un ni pé kéèyàn kọ́kọ́ kọ ọ́ pé àlàáfíà ni òun wà, kó sì ní òun gbà pé bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí òun ń kọ̀wé sí. Apá kejì kò le, mo gbà pé àlàáfíà lo wà. Apá kìíní ni mo ti kọ tí mo tún fi itọ́ pa rẹ́, nítorí náà jẹ́ ká fi í sílẹ̀ ná, a ó padà dé ibẹ̀.

Pẹ́ńsùlù tí mo fi ń sàmì sára búlọ́ọ̀kù ni mo fi ń kọ ọ́, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ mi fi tóbi bí èyí tí wọ́n ń kọ sára ṣọ́ọ̀bù. Wàá ní ṣé bàbá òun ò ní fóònù mọ́ ni. Fóònù wà. Ìyá rẹ ló ní lẹ́tà ni kí n kọ, ó ní kò gbọdọ̀ jẹ́ fóònù, ìdí tó fi sọ bẹ́ẹ̀ ń bọ̀ níwájú, má fojú fò ó lọ wò o, máa kà á bọ̀ ní tẹ̀léǹtẹ̀lé bí ìwọ náà ṣe kọ́ wa.

Ká sọ tilé. Ògiri ẹ̀yìn ilé ìwé wó lulẹ̀. Kì í ṣe èmi ni mo mọ ọ́n, mo tètè ń sọ ọ́ kó o má baà gbọ́ ọ lódìkejì. Ọmọ iṣẹ́ mi àtijọ́ tó ń gba iṣẹ́ kiri báyìí ló mọ ọ́n, ẹni tó ń fi iyanrìn ṣe ọ̀làwọ́, tó ń fi sìmẹ́ǹtì ṣe ahun. Kò pa ẹnikẹ́ni, ọpẹ́ ni. Kànga ti ń gbẹ. Aránṣọ tó jẹ́ pé ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín àwa àti ẹ̀ ti ra ẹ̀rọ tuntun, ariwo rẹ̀ ń wọlé tọ̀ wá wá, ṣùgbọ́n ìyá rẹ ní kí n má bá a wí, ó ní ó ń dùn mọ́ òun láti máa gbọ́ ẹni tó ń ṣiṣẹ́.

Owó tó o ní o fi sínú fóònù náà, ọmọ mi, ó kọ́kọ́ dààmú wa. Mo ṣí ìdí fóònù, bátìrì ló sùn síbẹ̀. Mo gbọ̀n ọ́n, mo tẹ́ aṣọ sílẹ̀ mo tún gbọ̀n ọ́n. Mo ti ń fura sí aránṣọ, nítorí òun ló ń bá wa fún un níná lọ́dọ̀ rẹ̀, kí Ọlọ́run dárí jì mí. Òun náà ló wá mú mi lọ sídìí ihò kan lára ògiri báńkì, ó tẹ nǹkan, ó tún nǹkan tẹ̀, owó sì yọ bí ahọ́n. Bí owó ṣe kúrò nínú fóònù wọ inú ògiri ni kò yé mi, èmi tí mo ti ń mọ ògiri láti kékeré, n kò mọ̀ pé wọ́n ń kó irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sínú rẹ̀. A rí i gbà, a dúpẹ́, a tún ọpẹ́ dá.

Ó yá, ọ̀rọ̀ dé.

Nígbà tí mo gbé ìyá rẹ lọ sọ́dọ̀ dókítà ńlá, ó gbé fọ́tò inú ara rẹ̀ sójú iná, ó wò ó, ó tún un wò, ó ní ká máa lọ sílé kó lọ máa sinmi. Inú mi dùn dẹ́yìn. Lójú tèmi, ẹni tí dókítà bá ní kó máa lọ sílé, ó ti yege nìyẹn. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un, mo ṣàdúrà fún àwọn ọmọ rẹ̀, ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Nọ́ọ̀sì ló sá tẹ̀ lé mi dé ẹnu géètì, tó ṣàlàyé fún mi pé sinmi tí wọ́n ní kó máa sinmi yẹn, wọn ò rí nǹkan mìíràn ṣe sí i mọ́ ni, pé bóyá ni yóò bá òjò tó ń bọ̀. Mo gbọ́. N kò sọ fún ìyá rẹ, àṣé ìyá rẹ ti mọ̀. Òun ló kìlọ̀ fún mi gidigidi pé n kò gbọdọ̀ tíì sọ fún ọ, pé o ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ ni, àlejò lẹ́nu iṣẹ́ kì í tọrọ àyè. Ohùn rẹ̀ tó ń le koko tó o ń gbọ́ lórí fóònù, tó ń bi ọ́ pé ṣé o ti jẹun, àárọ̀ ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í kó o jọ bí ẹni tó fẹ́ gbé ẹrù. Tó bá ti gbé e fún ọ tán, ó di oorun nìyẹn, kò ní bá èmi sọ̀rọ̀ mọ́ lọ́jọ́ náà.

Lọ́nà ilé lọ́jọ́ tí a ti ọ̀dọ̀ dókítà bọ̀, ó ní gbogbo ọjọ́ ayé òun, ègé ègé ni òun ń gbọ́ Bíbélì, ọ̀sẹ̀ yìí Dáfídì, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ Nóà, òun kò mọ ẹni tó ṣáájú ẹni. Ó ní òun fẹ́ gbọ́ ọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, tí a bá sì kà á dé àmín ìkẹyìn, òun lè wá lọ sinmi. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kó o bá wa wá bí wọ́n ṣe ń kà á. O kò bèèrè ìdí, o fi ìwé ètò náà ránṣẹ́, ibi tí a máa kà lónìí, ibi tí a máa kà lọ́la, odidi ọdún kan gbáko.

Odidi ọdún! Mo jókòó ti ìwé náà, mo ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n fi jẹ oyè. Nọ́ọ̀sì ní òjò, ìwé rẹ ní ọdún, ìyá rẹ sì ti fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ó di ìgbà tí a bá kà á tán. Ìyá rẹ kì í yẹ àdéhùn, o mọ̀ ọ́n. Mo gbé Bíbélì náà, mo fọwọ́ wọ̀n ọ́n, ó nípọn, ó wúwo ju búlọ́ọ̀kù ọmọ iṣẹ́ mi yẹn lọ. Mo ní a ti bọ́.

Mo fẹ́ràn ètò náà níbẹ̀rẹ̀, n kò ní purọ́. Bí wọ́n ṣe ń mọ ilé gan-an ni, ìpìlẹ̀ kó tó kan ògiri, ògiri kó tó kan òrùlé, kì í ṣe bíi ti ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n á kan fèrèsé sójú ọ̀run kí wọ́n tó wá ògiri tí yóò gbé e. Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù ni Jóòbù. Mo rò pé àárín gbùngbùn ló wà, mo ti fọkàn sí i pé a ṣì jìnnà sí i, àfi bí ètò rẹ ṣe gbé e síwájú pátápátá, a ò tíì jókòó dáadáa, ìyà ti dé. Mo fẹ́ fò ó. Ìyá rẹ ní kò sóhun tó jọ ọ́, o ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé ká má fo nǹkan kan.

Ohun kejì tún wá burú ju Jóòbù lọ. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, bí Mósè bá kú lọ́sẹ̀ yìí, ó lè tún wà nínú apẹ̀rẹ̀ lórí omi lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ọmọ jòjòló, kò sí wàhálà, a ń sin ín, a tún ń bí i. Nínú ètò tìrẹ, ẹni tó bá kú ti kú nìyẹn. Ọjọ́ tí Sárà kú, ìyá rẹ ní kí n dúró ná, ó ní Sárà ti mọ́ òun lára. Lọ́jọ́ kejì èmi gan-an ń retí pé yóò tún rẹ́rìn-ín nínú àgọ́, kò rẹ́rìn-ín, ọkọ rẹ̀ ló kù tó ń dá rìn kiri nínú ìwé. Nígbà tí ọkọ náà sì fẹ́ ìyàwó mìíràn, ìyá rẹ yí ojú sí mi. Mo ní èmi kọ́ ni mo kọ ọ́. Ó ní kí n máa kàwé mi lọ. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń lọ níkọ̀ọ̀kan, ó bí èyí, ó sì kú, ó bí tọ̀hún, ó sì kú, kò sẹ́ni tó padà wá, kò sẹ́ni tó bọ́ lórí ìlà. Ètò yìí kò lójú àánú, ọmọ mi, ẹni tó ṣe é kò láya nílé.

Lẹ́yìn náà ni o ní o ṣàánú ojú mi, o fi ọkùnrin tó ń kàwé sínú fóònù. Ohùn rẹ̀ dára. Mo kí i kú iṣẹ́, kò dáhùn, mo ní bóyá wọ́n kọ̀ fún un pé kó máa bá èèyàn sọ̀rọ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n kò mu omi, kò nu ojú, kò dúró kí òkú tutù kó tó kọjá sórí ẹlòmíràn. Mo mọ̀ ọ́n lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, àgbàṣe ni wọ́n gbé fún un. Oríṣi bíríkìlà méjì ló wà láyé. Èyí tó gba iṣẹ́ ní àgbàṣe, eré ló ń sá, kó lè parí kó gbowó kó wá òmíràn lọ. Èyí tí wọ́n ń sanwó ojúmọ́ fún, yóò lọ iyanrìn kúnná, yóò wọn ohun tó ti wọ̀n lánàá, yóò ní okùn ìwọ̀n òun wọ́, yóò lọ tún un ṣe, ògiri ọjọ́ kan á di ti ọ̀sẹ̀. Èmi kì í ṣe ìkankan nínú wọn, ìwọ náà mọ orúkọ tí wọ́n ń pè mí níbi iṣẹ́, Parí-ẹ̀-lónìí, nítorí pé yálà àgbàṣe yálà owó ojúmọ́, n kì í jẹ́ kí iṣẹ́ sùn. Àwọn onílé fẹ́ràn mi, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ò fẹ́ rí mi sójú, wọ́n ní mò ń ba ọjà jẹ́ fún àwọn.

Lọ́jọ́ kan mo lọ pọnmi, ìyá rẹ sùn, mo fi ọkùnrin náà sílẹ̀ lẹ́bàá Jọ́dánì. Ìgbà tí mo fi máa dé, ó ti fi ojú oorun ìyá rẹ kọjá odò, ó ti wó Jẹ́ríkò, ó ti wà láàárín àwọn Onídàájọ́, ó ń kà lọ fùù. Garawa bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo rò ó pé bí oorun ìyá rẹ bá gùn díẹ̀ sí i, ọkùnrin yìí á dé Ìfihàn, á ní àmín, kí ni mo fẹ́ bá nílé? Mo tẹ ibi gbogbo lára fóònù náà, kò dákẹ́. Mo sọ ọ́ sínú àpótí irinṣẹ́ mi, mo fi àpò sìmẹ́ǹtì bò ó, mo tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ṣì ń pa àwọn ọba lábẹ́ ibẹ̀. Ìyá rẹ jí, ó bi mí pé ta ló wà lábẹ́ òun. Aránṣọ ló wá bá wa pa á. Láti ọjọ́ náà, àyàfi tó o bá fẹ́ pè wá ni mo ń jẹ́ kí wọ́n tan fóònù yẹn. Ó tiẹ̀ kọ ọ́ sójú pé a ti sá lẹ́nu ìwé kíkà, ṣé a fẹ́ lé e bá. Mo ní kí aránṣọ dá a lóhùn pé a ò fẹ́. Bí wọ́n bá fi ẹjọ́ wa sùn ọ́ ní ọ́fíìsì yín, jọ̀ọ́, bá mi bẹ̀ wọ́n.

Bí èmi Parí-ẹ̀-lónìí ṣe di olówó ojúmọ́ nìyẹn, ọmọ mi. Mo ń nu jígí ojú mi kí n tó ka ẹsẹ kan, mo tún ń nù ún lẹ́yìn rẹ̀. Mo ní ìmọ́lẹ̀ ò tó. Mo ní etí mi ń hó. Mo ní ọkùnrin inú fóònù ti sáré jù, mo padà síbi tí wọ́n ti ka iye àwọn ọmọ Ísírẹ́lì nínú aginjù, mo kà á, mo ní kò dá mi lójú pé wọ́n pé, mo tún wọn kà. Ètò rẹ náà wá ràn mí lọ́wọ́, nítorí ohun tí Sámúẹ́lì bá sọ, Kíróníkà á tún un sọ, èmi náà á sì padà sọ́dọ̀ Sámúẹ́lì láti lọ wádìí bóyá bẹ́ẹ̀ ló ṣe sọ ọ́ lóòótọ́. Sọ́ọ̀lù fi idà gún ara rẹ̀ títí àánú rẹ̀ fi ṣe mí. Sáàmù tí Dáfídì kọ nígbà tó ń sá kiri, mo ń kọ ọ́ lórin fún ìyá rẹ, orin máa ń gùn ju kíkà lọ. Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ Jésù, àwọn mẹ́rin ló ròyìn ikú rẹ̀, ètò rẹ sì kó wọn pọ̀ síbì kan, mo pín in wẹ́wẹ́ títí ìyá rẹ fi ní kí n jọ̀ọ́, kí n jẹ́ kó jí.

Òjò dé, ọmọ mi. Mo gbé ìyá rẹ lọ sójú fèrèsé, ó na ọwọ́ síta, omi kán sí i lọ́wọ́, ó tọ́ ọ wò. Òjò lọ, ìyá rẹ ṣì wà. Ọdún tí ìwé rẹ kọ sílẹ̀ náà pé, ó sì kọjá lọ. Nọ́ọ̀sì wá wò ó, ó yà á lẹ́nu, ó bi mí pé kí ni à ń fún un. Mo ní Kíróníkà.

Nọ́ọ̀sì yìí náà gbé fọ́ọ̀mù kan wá, ó ní kí n kọ orúkọ ẹni tí wọn yóò pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Mo ní kí ni nǹkan náà. Ó ní kí n ṣá kọ ọ́. Mo yẹ fọ́ọ̀mù náà wò tojú tẹ̀yìn, kò síbi tí wọ́n ti bèèrè ẹni tí wọn yóò pè bí nǹkan kò bá ṣẹlẹ̀. Mo rò ó pé tí mo bá kọ orúkọ èèyàn síbẹ̀, mo ti fọwọ́ sí i nìyẹn pé kí nǹkan náà máa bọ̀. Mo dá a padà ní òfìfo. Nígbà tí pásítọ̀ sì wá gbàdúrà fún wa, mo sìn ín jáde, mo bi í ní kọ̀rọ̀ pé lẹ́yìn Ìfihàn, ṣé wọn ò tíì kọ òmíràn ni, ṣebí ayé ṣì ń lọ. Ojú rẹ̀ le. Ó ní ẹni tó bá fi kún ìwé náà, ìyọnu á fi kún tirẹ̀, ẹni tó bá sì yọ níbẹ̀, wọ́n á yọ òun náà. Mo ní ẹni tó kàn ń rọra kà á ńkọ́? Ó rò ó títí, ó ní òun ò rí ègún tí wọ́n kọ fún ìyẹn. Mo bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ dáadáa.

Ṣùgbọ́n ìwé kì í ṣe aginjù, ó ní ibi tó parí sí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá a dé ibi lẹ́tà tí Pọ́ọ̀lù kọ kẹ́yìn nínú ẹ̀wọ̀n. Àwọn èèyàn ti fi í sílẹ̀, ó ku ẹnì kan ṣoṣo lọ́dọ̀ rẹ̀, òtútù ń bọ̀, ó sì mọ̀ pé òun ò ní pẹ́ lọ. Ó wá kọ̀wé sí Tímótíù, tí kì í ṣe ọmọ tó bí ṣùgbọ́n tó ń pè ní ọmọ, pé kó sapá kó tètè wá, kó bá òun mú aṣọ òtútù òun tó wà nílé ẹnì kan dání àti àwọn ìwé òun. Mo kà á tán, mo fẹ́ nu jígí mi. Ìyá rẹ ní kí n tún un kà. Ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí òun fúnra rẹ̀ ní kí n tún nǹkan kà. Mo tún un kà. Ó ní ṣé mo rí arúgbó yìí, ó ń lọ, kò tijú, ó ránṣẹ́ pe ọmọ, kò fi ohùn líle tàn án pé ara òun yá. Ó ní àwa ta ni à ń tijú fún?

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í nu jígí mi. Ó wá ní òun mọ̀ pé mò ń fà á. Ó ní láti ìgbà tí mo ti ka àwọn èèyàn inú aginjù lẹ́ẹ̀kejì ni òun ti mọ̀, pé kò sẹ́ni tó fẹ́ràn ìkànìyàn tó bẹ́ẹ̀ yẹn láyé. Ó ní òun jẹ́ kí n máa fà á nítorí ó dùn mọ́ òun pé ẹnì kan ń fa nǹkan nítorí òun. Ṣùgbọ́n ara ń ro òun, ó ju bí òun ṣe ń sọ lọ, egungun òun àti ẹní kò bára wọn rẹ́ mọ́, òun kàn ń di ẹnu mú nítorí mi ni. Ó ní níbo ni Parí-ẹ̀-lónìí tí òun fi ṣe ọkọ wà? Pé òun ń wá a.

Mo sunkún, ọmọ mi. Kí ni mo fẹ́ fi pa mọ́ fún ọ? Mo jókòó sórí àpótí irinṣẹ́ mi, mo sunkún bí ọmọdé tí wọ́n gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀rọ aránṣọ sì dákẹ́ lódìkejì ògiri. Ìyá rẹ na ọwọ́, ó bá mi nu jígí náà. Ó ní kí n kọ lẹ́tà sí ọ, lẹ́tà gan-an, bí arúgbó inú ẹ̀wọ̀n yẹn ṣe kọ ọ́, nítorí lórí fóònù òun tún máa kó ohùn jọ ni, òun mọ ara òun.

A ti ka èyí tó kù láti ìgbà náà. Mo kà á dáadáa, n kò fà á, n kò fò ó. Ó ku ewé kan ṣoṣo. Ìyá rẹ ní kí n má ka ewé yẹn, ìwọ ni yóò kà á fún òun, bó o ṣe ka àkọ́sórí níwájú ìjọ lọ́jọ́ àwọn ọmọdé nígbà tí o kò tíì ga ju tábìlì lọ, tó o gbàgbé láàárín tó o bú sẹ́kún, tí a sì pàtẹ́wọ́ fún ọ bí ẹni pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe yẹ kó parí. Mo ti fi okùn ìwọ̀n mi sàmì síbẹ̀, mo ti pa Bíbélì dé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dijú mọ́ mi lọ́wọ́ nìyí. Tó o bá dé, a ó ka ewé náà, tí a bá sì kà á, àdéhùn pé. Tó o kò bá dé, ewé náà á wà níbẹ̀, ìyá rẹ á wà níbẹ̀, ìrora á sì máa jẹ ẹ́. Mo rò ó lọ, mo rò ó bọ̀, n kò mọ èyí tí mo fẹ́ bẹ̀ ọ́. Gbogbo ilé tí mo ti ń kọ́ láyé mi, inú mi máa ń dùn lọ́jọ́ tí mo bá fa kọ́kọ́rọ́ lé onílé lọ́wọ́. Èyí, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ mi, n kò fẹ́ fi í lélẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni ara ń ro. Nítorí náà ohun tí ìyá rẹ ní kí n kọ ni mo kọ yìí: máa bọ̀ nílé, ọmọ mi.

Apá kìíní tí mo fi sílẹ̀ lókè, mo lè wá kọ ọ́ báyìí. Àlàáfíà kọ́ ni a wà. Mo tún ti padà sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì, mo gba fọ́ọ̀mù rẹ̀, mo kọ orúkọ rẹ síbẹ̀.

Bá wa wá owó díẹ̀ dání. Abẹ́rẹ́ tó ń pa ìrora wà, nọ́ọ̀sì ní wọ́n ń tà á, ó wọ́n, ṣùgbọ́n a óò rà á. Má fi owó náà sínú fóònù o, má sì fi sínú ògiri, fi sínú àpò ara rẹ. Ra tìmùtìmù tó rọ̀ wá, èyí tí kò ní bá egungun jà. Aṣọ òtútù rẹ tó nípọn yẹn, mú un bọ̀, òtútù ń mú ìyá rẹ lọ́sàn-án gangan. Jígí ojú tuntun tó o ní o fẹ́ rà fún mi, má wulẹ̀ náwó sí i mọ́. Mo ríran dáadáa, ó ti pẹ́ tí mo ti ń ríran dáadáa.

Ọlọ́run á ṣí ọ̀nà fún ọ níwájú ọ̀gá rẹ. Ọ̀nà kò ní nà ọ́, o kò ní bá òfìfo ilé. Bó o ṣe ń bọ̀ wá kàwé fún ìyá rẹ yìí, ọmọ tìrẹ náà á kàwé fún ọ, ohùn rẹ̀ á sì dùn létí rẹ. Wàá pẹ́ láyé ju gbogbo àwọn tí a ti ń ka ikú wọn bọ̀ láti ọjọ́ yìí.

Pọ́ọ̀lù ní kí ọmọ tirẹ̀ tètè wá. Ìyá rẹ náà ní kí n kọ ọ́ pé kó o tètè wá, mo sì ti kọ ọ́, àṣẹ rẹ̀ ni. Èmi ní tèmi, ọkọ̀ tó dára ni kó o wọ̀. Bí dẹ́rẹ́bà bá fẹ́ sáré, sọ fún un pé bàbá rẹ ní kó jọ̀ọ́, kó máa rọra.

Èmi ni bàbá rẹ,
Parí-ẹ̀-lónìí.